Ilẹ̀kùn Tí Kò Gbọdọ̀ Fẹ̀

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí Ìyá Aránṣọ, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló dúró sí. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì ní kó jọ̀wọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ba àwòrán jẹ́. Ó yà fún wọn. Ilé tó ń gbé ni o.

Abúlé tó rẹwà ni, ìjọba sì ti sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìgbìmọ̀ kan ló ń ṣọ́ ọ. Òrùlé amọ̀ kò gbọdọ̀ yí padà, ògiri òkúta kò gbọdọ̀ gba ọ̀dà. Bí òrùlé bá jò, kí onílé fara dà á. Òjò tó bá wọlé, òjò àtijọ́ lòun náà.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé ọkọ Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga onítáyà. Àga náà sì fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Bí bàbá bá fẹ́ rí oòrùn, àfi kí àwọn aládùúgbò gbé e bí àpò sìmẹ́ńtì. Ojú tì í, ló bá ní òun ò jáde mọ́. Ó kọjú sí ògiri, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Alága ìgbìmọ̀ lọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i díẹ̀.

"Háà, Màmá! Ilẹ̀kùn yẹn? Ẹwà abúlé yìí wà níbẹ̀!"

"Ọkọ mi náà wà lẹ́yìn ẹ̀, Alága."

"Ẹ ṣe sùúrù. Ilé yẹn kì í ṣe tiyín nìkan, ti gbogbo ayé ni."

"Kí gbogbo ayé wá máa gbé ọkọ mi jáde nígbà náà."

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé òfin fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: ohun tí ẹni tó dúró ní òpópó bá lè rí ni ìgbìmọ̀ ń ṣọ́.

"Ẹ̀yìnkùlé wá ńkọ́?"

"Ta ló ń wo ẹ̀yìnkùlé, Màmá?"

"Ẹ ṣeun, Alága. Ẹ óò pẹ́ fún wa."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, bíríkìlà ti dé. Ó lu ògiri ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, ó sì ṣí ọ̀nà tí màlúù méjì lè gbà wọlé pọ̀. Bàbá yíjú kúrò lára ògiri, ó wo ihò náà títí.

"Ṣé èmi nìkan ló máa gba ibí, àbí ẹ fẹ́ máa wa mọ́tò wọ yàrá?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn iwájú ilé tí wọ́n tọ́jú dáadáa jù lọ. Ó tọ́ sí wọn. Ta ló tún ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà?

Ìyá Aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ lòun àti ọkọ rẹ̀ ń jókòó títí di òní.