Sàréè Tó Dí Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí lónìí, ẹ̀rù sì bà mí.

Obìnrin panápaná kan wá yẹ ibi tí a ti ń ṣe àdìrẹ ní Aké wò láàárọ̀. Ó bèèrè ìwé ìlànà iná wa. Mo nawọ́ sí ara ògiri. Ìyá Bọ́lá, màmá màmá mi, ló ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́dún 1983. A ò tún un kọ látìgbà náà.

Ó kà á sókè: "Bí iná bá ṣẹ́yọ, ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá Bọ́lá ni yóò ṣáájú yín."

"Ìyá Bọ́lá dà?"

"Wọ́n ti di olóògbé, mà."

"Orúkọ wọn wá ṣì wà níbẹ̀?"

"Ta ló tó pa á rẹ́, mà?"

Ó lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò ṣí ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ. Ó yọjú, ó rí sàréè alátáìsì funfun. Ibi tí Ìyá Bọ́lá fẹ́ràn láti máa jókòó sí la sin wọ́n sí.

Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹni tó ní kí ẹ gba ibí sá lẹ fi dí ibí."

Mo pe Àǹtí Bọ́lá, àkọ́bí wọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sàréè màmá àwọn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, obìnrin mẹ́sàn-án ń yọ́ àbẹ́là tí a fi ń ya ọnà sára aṣọ nínú ilé náà. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló kù, ẹnu rẹ̀ gan-an sì ni sítóòfù wà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé òkú tó wà níta ni kí n bọ̀wọ̀ fún, àbí alààyè tó wà nínú?