Ọdún tí Èmi àti Màmá ń Kéde Difitíríà ní Ìtamàga

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, Ìtamàga ní Ìkòròdú ni a gba yàrá sí. Ọkọ mi a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi kò tíì ríṣẹ́. Ọdún yẹn ni àrùn difitíríà, tó máa ń mú àwọn ọmọdé lọ́fun, ń jà, tí ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò wa ń wá àwọn tí yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Mo yọ̀ǹda ara mi. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá.

Àárọ̀ àwọn ọjọ́ yẹn ṣì máa ń wù mí. Màmá kì í kánjú. Tí a bá wọlé, yóò béèrè àlàáfíà, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa bá wọn ṣa ẹ̀fọ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ àrùn. Èmi a fẹ́ máa ka ìwé pélébé tí wọ́n fún wa bí ẹni ń ka ìròyìn. Yóò ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ ná." Lọ́sàn-án, a ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, a ó jókòó síbi ìbòòji, yóò sì máa sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ kan, a yà sílé tọkọtaya kan tó wá láti Ọ̀ṣun. Ọmọbìnrin wọn dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ wú. Bàbá rẹ̀ ti wọ bàtà.

Ó ní, "Bẹ́lubẹ́lu ni, Mà. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó máa ń gé e. Wọ́n gé tèmi náà nígbà tí mo wà ní kékeré."

Màmá kò bá a jiyàn. Ó fi nǹkan bo imú àti ẹnu ara rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà ya ẹnu sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló pe bàbá rẹ̀.

"Wá wò ó, ọkọ mi. Kí lo rí?"

"Nǹkan funfun kan bí awọ, Mà. Ó bo ọ̀fun rẹ̀."

"Bẹ́lubẹ́lu kọ́ nìyẹn. Difitíríà tí a ń sọ kiri ni. Tí abẹ bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè bò ó, kó má rí èémí mí. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ pẹ́."

Ìyá ọmọ náà bú sẹ́kún. "Àbí torí pé mi ò parí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni, Mà? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ láti ilé nígbà náà."

"A ó sọ ìyẹn tó bá yá," ni Màmá fèsì. "Mú ìborùn rẹ."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wa. Bàbá gbé ọmọ rẹ̀ lé itan títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá náà. Wọ́n gba ọmọ náà sí yàrá ọ̀tọ̀. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá fún gbogbo ará ilé náà lóògùn, wọ́n sì gún àwọn ọmọ wọn ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí lọ́pọ̀lọpọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí mi ò mọ̀ bóyá a tètè débẹ̀ tó.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó jáde, ṣùgbọ́n ó yè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, bàbá rẹ̀ dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ọlọ́mọ tò sí ilé ìwòsàn wa fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn tí a ti bẹ̀ títí tí wọn ò gbà wà lára wọn. Màmá kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ti padà sí Ẹ̀pẹ́ báyìí. Àwa náà ti kó lọ sí ẹ́sítéètì, mo sì ti ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi tó ìrìn tí a rìn nígbà náà. Ní Sátidé mìíràn, mo máa ń lọ kí i. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, nítorí náà mo máa ń di apá rẹ̀ mú tí a bá ń lọ ra ẹja létí omi, yóò sì máa kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, títí ẹja tó dára yóò fi tán.