Ìgò Omi Tí Mo Gbé Lọ fún Àyẹ̀wò

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí mo gbé ìgò kékeré kan sẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí mo sì jẹ́ kó kún. Mo rántí wákàtí náà torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fún wa ní ìgò ní kí n kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Òfin ti dé pé gbogbo ilé tó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú omi rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, àti pé kànga kò gbọdọ̀ sún mọ́ kòtò ìgbẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń kó mi láyà sókè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kànga tiwa wà, lódì kejì ògiri náà gan-an sì ni kòtò ìgbẹ́ ilé tó wà lẹ́yìn wa.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mi ò tíì ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo ń gbé. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi, ó sì ń ta ike ní Ọ̀yìngbò. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ náà ò sì jẹ́ kí n gbádùn omi mọ́. Mo máa ń gbóòórùn ife kí n tó mu ún, tí òjò bá sì ti rọ̀, mo máa ń búra pé omi wa ń rùn. Àwọn ayálégbé yòókù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá torí bẹ́ẹ̀ ni Baba Onílé ṣe ní èmi ni kí n bá òun gbé omi náà lọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo gbé ìgò náà sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, mo lọ wẹ̀, mo múra, mo sì gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èsì dé: omi wa mọ́ lóló. Baba Onílé lẹ èsì náà mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló túbọ̀ dàrú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Báwo ni omi tó ń rùn ṣe lè mọ́ tó báyìí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Baba Onílé. Mo rántí pé ó sin òṣìṣẹ́ ìjọba kan dé ìta, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí? Mo fura sí ilé àyẹ̀wò, mo fura sí ẹni tó gba ìgò lọ́wọ́ mi tí kò wojú mi. Níkẹyìn, mo fi ọgbọ́n bi Baba Onílé bóyá a ò lè tún omi náà yẹ̀ wò.

"Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí!" ni ó dáhùn. "Ṣé àfi kí kòkòrò máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi mi kí ọkàn tìẹ tó balẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún àǹtí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Èwo ni ti Baba Onílé ńbẹ̀? Èmi ni mo tún omi yẹn ṣe. Nígbà tó o lọ wẹ̀, mo wo ìgò, omi inú ẹ̀ ò dán rárá. Mo dà á nù, mo fomi gbígbóná ṣan ìgò, mo wá já píọ̀ wọ́tà sí i."

"Àǹtí! Kí ló dé?"

"Kí ló dé kẹ̀? Kó o wá gbé omi ẹlẹ́gbin lọ síwájú àwọn ará ọ́fíìsì? Wọn ò ní bi ẹ́ pé ta ló tọ́ ẹ? Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde."

Mi ò lè bínú, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín. Mo ti fura sí gbogbo ènìyàn tán, mi ò fura sí ẹni tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí Baba Onílé yóò lé òun jáde, níbi tó ti gbé láti ìgbà tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Títí di òní, èsì náà ṣì wà lára ògiri. Ìyàwó télọ̀ tó wà ní yàrá kejì sí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń se omi kó tó mu ún. Látìgbà tí èsì ti dé, ó ti jáwọ́. Láàárọ̀ àná, mo rí i tó ń fi ṣíbí bu omi ẹ̀rọ sọ́mọ lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sè é." Ó nawọ́ sí ògiri.

"Ṣebí ìwọ náà lo gbé e lọ," ó ní. "Tàbí o ò gba ara ẹ gbọ́ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni ẹ rò pé kí n kọ́kọ́ lọ bá: ìyàwó télọ̀, Baba Onílé, àbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba? Báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní lé àǹtí mi jáde nílé?