Sàtánì Tiwa Kì í Gun Pẹpẹ

Ìkórè ku ọ̀tunla ni pásítọ̀ wa pè mí. Wọ́n ní, "Ṣèyí, Sàtánì ò gbọdọ̀ gun pẹpẹ o."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kó wá dúró? Orí pẹpẹ náà la ti ń ṣeré."

"Àwọn àgbà ìjọ ti sọ̀rọ̀. Ibi tá a ti ń gbàdúrà, ẹnì kan ò lè dé ìwo síbẹ̀."

Inú tètè máa ń bí mi, gbogbo Ìkìrun ló mọ̀. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ dírámà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Tí mo bá kọ eré tán, pásítọ̀ á kà á, Ìyá Ìjọ á yẹ aṣọ wò, kó tó dé iwájú ìjọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo ti ṣe, wọ́n tún wá gbé èyí dé. Mo ní tó bá rí báyẹn, kí wọ́n kúkú fagi lé e.

Pásítọ̀ ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Kò le. Ìyá Ìjọ ti ní kí n da gbogbo yín pọ̀ mọ́ kọ́ọ̀ya tẹ́lẹ̀."

Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá kọrin, ewúrẹ́ á sá? Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní kọ́ọ̀ya, kí n máa to àga?

Mo dé ibi tá a ti ń fi eré dánra wò, mo ń sọ òkò ọ̀rọ̀. Bùnmi ló ń ṣe Sàtánì. Aránṣọ ni, Ìnísà ló ti ń gun ọ̀kadà wá. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Ṣèyí, ta ló sọ fún yín pé orí pẹpẹ ni Sàtánì ń gbé? Ṣebí àárín wa ló ń jókòó sí."

Mo fẹ́ bá a jà. Nígbà tó yá, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. A tún eré tò, a sì fi han pásítọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká máa ṣe é lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, Bùnmi jókòó sáàárín àwọn ìyá, ó fi ìborùn bo ìwo. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Ó lọ bá ẹni tó ń tẹ fóònù, ó ní, "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọmọ mi." Ó bá bàbá kan tó ń tòògbé, ó gbé ìrọ̀rí fún wọn. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oníkálukú ń wẹ̀yìn, wọn ò mọ ẹni tó kàn. Ó fẹnu sétí Ìyá Ìjọ, ó ní, "Màmá, ẹni tó ṣẹ̀ yín yẹn, ẹ má dárí jì í o." Ìyá Ìjọ gbé báàgì sókè.

"Mọ́mì, èmi ni, Bùnmi."

"Mo mọ̀ ẹ́. Dúró ná." Wọ́n fi báàgì náà gbá a léjìká. Ìwo kan já bọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀ya parí síbẹ̀. Ìyá Ìjọ fúnra wọn ló ra ìwo mìíràn.

Lóṣù tó kọjá, ìjọ wa tó wà l'Ókukù pè wá. Pásítọ̀ ibẹ̀ mú mi wọlé, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, "Ẹ wo pẹpẹ wa bó ṣe fẹ̀ tó. Sàtánì yín á ráàyè rìn dáadáa."

Mo ní, "Rárá o, sà. Tiwa kì í gun pẹpẹ."