Fáìlì Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Èké

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣa ẹ̀wà ní Òkè-Ọyì. Màá bu ife kan nínú ẹ̀wà tí obìnrin kọ̀ọ̀kan tọ́jú, màá dà á sórí atẹ, màá sì ka iye ẹyọ tí kòkòrò ti lu. Inú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn kan tọ́jú tiwọn sí pẹ̀lú ata gbígbẹ, bí ìyá wọn ti ń ṣe é. Àwọn yòókù lo àpò onípele mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ wa pín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé ká sọ fún àwọn oníkẹ́ẹ̀gì pé kí wọ́n pa kẹ́ẹ̀gì tì, kí wọ́n sì máa ra àpò lọ́dọọdún?

Girama ni mo kà mọ. Ní ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Fate, èmi ni mo ń tẹ èsì ìwádìí sínú kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo sì ń fi sọ́fítíwíà ìṣirò ṣe tébù tí ọ̀gá fi ń kọ ìròyìn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, wọ́n ra tuntun, wọ́n sì pe ọkùnrin tó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Dátà íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ti tán lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì lè wa sọ́fítíwíà náà jáde lákọ̀tun. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ó da fódà sọ́fítíwíà náà kọ sórí fúláàṣì, ó sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà tuntun, bí ẹni ń kó ẹrù láti yàrá kan sí òmíràn.

Sọ́fítíwíà kọ̀, kò ṣí. Ìlà kan ló kọ sójú kọ̀ǹpútà, mo sì dà á kọ sínú ìwé mi lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn: òun ń wá fáìlì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógún, òun ò rí i.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé sọ́fítíwíà kì í kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sínú fódà tirẹ̀. Àwọn fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà jọ ń lò. Ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà, bí odó tó wà láàárín agboolé. Ẹni tó bá kó kúrò nínú agboolé ò ní bá odó nínú ẹrù rẹ̀.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà wo inú tuntun náà, ó rí irú fáìlì yẹn níbẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní orúkọ mìíràn tó parí sí mẹ́tàlélógún.

"Kò ní mọ̀," ló wí.

Lóòótọ́, sọ́fítíwíà ṣí. Ọ̀gá dúpẹ́, ọkùnrin náà sì lọ.

Mo ṣe ìpíndọ́gba, mo fi kalikulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó péye. Mo wá dé ìdánwò tó kẹ́yìn, èyí tó ń sọ bóyá òótọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àpò àti kẹ́ẹ̀gì, tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà pa ara rẹ̀ dé láìsọ nǹkan kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló pa ara rẹ̀ dé.

Àtàláátà lọ́jọ́ náà, ìròyìn sì gbọ́dọ̀ jáde ní Jímọ̀. Ọ̀gá wo ìpíndọ́gba, ó rí i pé ẹ̀wà tí kòkòrò lu kéré lọ́dọ̀ àwọn alápòó. Ó ní ìyẹn ti tó, òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí àwọn obìnrin náà pa kẹ́ẹ̀gì tì. Mo ṣàlàyé fún un pé kẹ́ẹ̀gì obìnrin kan ni ìdérí rẹ̀ là, pé ẹ̀wà ẹnì kan yẹn ló ba ìpíndọ́gba gbogbo oníkẹ́ẹ̀gì jẹ́. Ó ní kí n yọ obìnrin náà kúrò. Mo ní rárá, ẹ̀wà tirẹ̀ náà ẹ̀wà ni, ìdánwò la máa ṣe.

"Àlájà, ẹ̀yin àti ẹ̀wà yìí."

"Ọ̀gá, mi ò ní kọ ohun tí ìṣirò ò tíì sọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bó bá di Àlàmísì tí n kò tíì parí rẹ̀, òun á pe ẹni tó jáde yunifásítì wá síbẹ̀. Mo padà sórí àga mi.

Láàárọ̀ Àlàrùbá, orúkọ èké yẹn ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́. Sọ́fítíwíà ò tún ṣí mọ́, àmọ́ ó tún sọ ohun tó ń wá fún mi. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó ṣí tó ń tàn wá jẹ lọ. Dátà fóònù mi ò lè gbé sọ́fítíwíà tuntun, ṣùgbọ́n ó tó fún ìwé kíkà. Mo ka àlàyé títí mo fi rí àṣẹ tó máa ń to gbogbo fáìlì tí sọ́fítíwíà nílò sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti rí wọn. Ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde. Mo fi rúlà tẹ̀ lé wọn. Ọgbọ̀n ní àdírẹ́sì, ẹyọ kan ni kò ní.

Mo lọ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde lẹ́yìn àwọn páálí ní sítọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó da fáìlì nọ́ńbà mẹ́tàlélógún kọ. N kò jù ú sáàárín àwọn tí gbogbo sọ́fítíwíà jọ ń lò, kó má baà ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Mo ṣe fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì ní kí sọ́fítíwíà kọ́kọ́ máa wo ibẹ̀. Nígbà tí mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ mìíràn tún yọ tí kò ní àdírẹ́sì: fáìlì tí mo mú wá náà ní ẹnì kejì tó ń wá. Mo tún padà sídìí àtijọ́.

Ibẹ̀ ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wá wò.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

"Iṣẹ́ rẹ ni mo ń bá ọ parí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga sún mọ́ mi. Ó bi mí pé kí ló burú nínú ọgbọ́n tí òun dá. Mo ní àlejò lè jẹ́ orúkọ tí wọ́n bá pè é, ìgbà tí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀ ilé ni yóò dákẹ́.

Kó tó di ìrun Làásárì, gbogbo ìlà ti ní àdírẹ́sì. Mo ṣe ìdánwò náà, sọ́fítíwíà ò pa ara rẹ̀ dé. Èsì rẹ̀ ò sọ pé kẹ́ẹ̀gì dára ju àpò. Ohun tó sọ ni pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe kòńgẹ́, pé a ò ní ẹ̀rí tí a fi lè sọ pé àpò ló dára jù.

Ní Àlàmísì, ọ̀gá kà á. Ó ní èyí máa ba ìròyìn òun jẹ́, ṣé a ò lè fi mọ sórí ìpíndọ́gba ni.

"Ẹ lè fi mọ bẹ́ẹ̀," mo ní, "ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá bi mí léèrè, màá sọ ìdí rẹ̀ fún un, títí dé Òkè-Ọyì."

Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, pẹ̀lú ìwé girama mi, pé mo tún ẹ̀rọ náà ṣe dáadáa. Mo dìde lórí àga, mo ní kó jókòó, kó ṣe ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà tí mo rí ló jáde. Ó tún un ṣe, òun náà ló tún jáde.

Ó ṣí ìròyìn rẹ̀, ó wá ibi tó ti ní kí wọ́n pa kẹ́ẹ̀gì tì, ó sì pa á rẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí la máa wá kọ síbẹ̀?" ló bi mí, láìwo ojú mi.

Mo sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́.