Àwọn Ìbọn Tí A Gbé Kọ́ Nítorí Ẹtu

Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé àṣìṣe lásán ni.

Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì Dákà dé, mo ń ṣèwádìí òwò ẹran igbó: ohun tí wọ́n ń pa ní Lagbé, abúlé wa, àti èyí tó ń gba ẹnubodè Ifangni kọjá sí Nàìjíríà. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé. Òun ni olórí ọdẹ. Bí ẹtu bá ti lóyún, á so màrìwò sí ẹnu ọ̀nà igbó, gbogbo ọdẹ á kó ìbọn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, á sì gbé wọn kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀ títí ẹran á fi bímọ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Mais, ìbọn tó pọ̀ tó yìí nínú yàrá kan! Bàbá, ogun lẹ fẹ́ jà ni, àbí ẹ fẹ́ pa igbó run?"

"Ọ̀gá, bó bá jẹ́ pé à ń ṣọdẹ ni, ṣé ibí lẹ ó ti bá wọn? Ẹran ló lóyún."

"Ta ló ní kí ẹ ti igbó ìjọba?"

Mo fi Faransé ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ah, músíọ̀ ti Dákà! Ṣé màrìwò ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀?"

Wọ́n kó ìbọn, wọ́n sì mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Kò pẹ́ tí oníṣòwò ẹran igbó kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìṣọdẹ láti ọ́fíìsì ọ̀gá yẹn kan náà. Ó gé màrìwò wa, ó wọ igbó. Àwọn ọdẹ ń wò ó, ọwọ́ wọn ṣófo. Nígbà tó jáde, ẹtu kún ọkọ̀ rẹ̀. Abo ló pọ̀ jù, ikùn wọn yọ gbọ̀ngbọ̀n.

Mo lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì náà.

"Ìwé rẹ̀ pé," ni gbogbo ohun tí wọ́n wí.

Wọ́n dá bàbá sílẹ̀, wọ́n dá ìbọn padà. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àsìkò oyún tún dé, mo bá a lójúde, màrìwò tútù wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní so ó ni?"

"Bí mo bá so ó, wọ́n á tún kó ìbọn wá fún mi. Ibo ni kí n gbé e sí, ọmọ mi?"

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni ìbọn dún nínú igbó. Kì í ṣe ti oníṣòwò. Ti àwọn ọdẹ wa ni.