Yẹ́sì, Nóò àti Bẹ́ẹ̀ Ni

Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu létí mi, ìbáà jẹ́ àgbà, n ó bi í pé báwo ló ṣe jẹ́. Ìyá mi á ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Bàbá mi, tó ń fi awọ ṣe tìmùtìmù, kì í bá mi wí. Á máa rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́ rẹ̀, á ní ẹnu ni ọmọ yìí máa fi jẹun.

Ẹ wá wo bí ojú ṣe tì mí tó nígbà tí mo lọ ṣe ìdánwò àbáwọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ olùkọ́. Mo yege nínú ìṣirò. Mo yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwa ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ìdánwò làákàyè, ni mo ti ṣubú yakata. Wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan síbẹ̀, wọ́n á wá béèrè ohun tó jáde látinú rẹ̀, yẹ́sì tàbí nóò sì ni èèyàn á fi dáhùn. Nínú gbogbo ohun tí mo lè kùnà sí láyé yìí, ó wá jẹ́ làákàyè, èmi Lọ́yà.

Bàbá mi kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ó ní kí n tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí kò bá bọ́ sí i, n ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, n ó lọ kọ́ aṣọ rírán. Aṣọ rírán kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi àti abẹ́rẹ́ kò mọra wọn rí. Mo sì ti ń rí ara mi níwájú kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, tí mo ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ títí di ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò ní ní kí n pa ẹnu mọ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi mọ́.

Tíṣà wa bá mi wá ìwé ìdánwò àtijọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, onísùúrù. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, àwa méjèèjì á jókòó ti àwọn ìwé náà. Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Gbogbo ewúrẹ́ tí wọ́n so sábẹ́ igi ló dúdú. Ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ wà lára àwọn tí wọ́n so sábẹ́ igi. Ṣé ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ kò dúdú? Mo rẹ́rìn-ín. Rárá o, dúdú ni. Mo kọ nóò. Tíṣà wo ìwé ìdáhùn, yẹ́sì ló bá níbẹ̀. Ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Ṣebí ìwọ náà rí i pé dúdú ni."

Mo ní, "Dúdú ni, sà."

"Àwọn tó tẹ ìwé yìí ló ṣàṣìṣe," bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wí, a sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, àṣìṣe àwọn tó tẹ̀wé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kan, òyìnbó tó máa ń bẹ ilé-ìwé wò yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Tíṣà wa ti gbàyè lọ síbi ìsìnkú ìbátan rẹ̀ kan. Òyìnbó náà wọ kíláàsì wa, ó rí i pé àga ṣófo, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi wá pé, "Tíṣà yín kò tíì dé?"

Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Yẹ́sì, sà."

Ó mi orí, ó fa àga, ó jókòó. Ó jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó wo aago, ó tún un wò. Nígbà tó sú u, ó bi wá pé níbo wá ni tíṣà tí a ní ó ti dé wà.

Èmi ni mo dìde, nítorí inú ti ń bí mi pé ó fẹ́ pè wá ní òpùrọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti sọ fún yín pé wọn ò tíì dé."

Ó ní, "Yẹ́sì lẹ wí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò tíì dé, àwa náà wá ní òótọ́ lẹ sọ."

Mo ti ń retí ẹgba. Òyìnbó náà wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ní èdè tiwọn, ẹni tó ń dáhùn kì í wo ẹnu ẹni tó béèrè, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wò. Bí tíṣà bá dé, yẹ́sì. Bí kò bá dé, nóò. Bó ti wù kí wọ́n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, kò yí i padà. Àwọn yòókù ń wo pátákó. Èmi, ewúrẹ́ ni mo ń rí. Ayọ̀ sọ sí mi lára, ó kù díẹ̀ kí n fò dìde.

Nígbà tí tíṣà wa dé lọ́jọ́ kejì, a tún gbogbo ìwé àtijọ́ náà wò. Gbogbo ìbéèrè tó ní nọ́ọ̀tì, ìyẹn "kò" ti Gẹ̀ẹ́sì, nínú ni mo kùnà, mo sì gba gbogbo ìyókù. Tíṣà káwọ́ lérí. "Mo ti ń dá àwọn òyìnbó lóhùn láti ọjọ́ yìí wá," ó wí, "n ò wá mọ ohun tí mo ti gbà fún wọn mọ́." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ọgbọ́n tèmi. Bí bàbá mi bá fẹ́ la awọ, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà yẹ̀. Èmi náà á fi àtàǹpàkò bo nọ́ọ̀tì, n ó ka ìyókù bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, n ó sì dáhùn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Lọ́rì já wa sílẹ̀ ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tó kan làákàyè, àtàǹpàkò mi ń ti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀kan tó ní nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Obìnrin tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kò lè pàtẹ lọ́jà. Obìnrin yìí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò lè pàtẹ? Èwo ni kí n bò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé àwọn ti òkè, ara ọ̀rọ̀ ni wọ́n, kò yẹ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Ti inú ìbéèrè nìkan ni mo bò. Ṣé ó lè pàtẹ? Nóò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì gbójú sókè. Àwọn yòókù ṣì ń mi ètè.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà náà wá sílé wa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti gbà mí, làákàyè ni mo sì ti gba máàkì tó pọ̀ jù. Mo sáré lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo kúnlẹ̀, mo na lẹ́tà náà sí i. Ó wo lẹ́tà ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ẹ̀rù ń bà á láti béèrè bóyá mo yege.

Ó rọra ní, "O ò féèlì?"

Nóò ti dé orí ahọ́n mi, lẹ́yìn gbogbo oṣù tí mo fi kọ́ ọ. Mo gbé e mì. Bàbá mi ló béèrè, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní èdè wa.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì ké sí ìyá mi pé kó wá gbọ́ ohun tí Lọ́yà sọ.